Bọ́ńpà Wágọ̀n Bàbá Mi àti Orúkọ Tí Mo Sọ Ọ́

                                        Ilé Kékeré Ẹ̀gbẹ́ Àká,
                                        Oko Sensenig,
                                        Terre Hill, Pennsylvania.
                                        Ọjọ́ kẹrin oṣù Ọ̀wàrà, 2023.

Titus, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo nǹkan? Orúnkún Mabel ńkọ́, ṣé ó ti ń gun àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́, àwọn màlúù tí o kọ̀ tí o kò tà ńkọ́, bí gbogbo ilé ṣe ń pariwo tó pé kí o sinmi? A gbọ́ pé òjò fà sẹ́yìn ní Missouri nígbà ooru tó kọjá. Àdúrà wa ni pé kí kànga yín má gbẹ. Tiwa níbí, ọpẹ́ ni. Àgbàdo ti wọlé, tábà ti wà lókè àjà, ó ń gbẹ. Ara èmi àti Lavina le, àfi etí mi ọ̀tún tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ti òsì ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wù ú. Lavina ní òun kò rí ìyàtọ̀ kankan, pé láti ọdún mọ́kànléláàádọ́ta tí a ti fẹ́ra, n kò gbọ́ràn rí.

Òun náà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. O mọ̀ pé ìwé àti èmi kò bára wa mu láti kékeré. Èmi ń sọ, òun ń kọ; bí mo bá sọ ohun tí kò dára, á gbé kálámù sílẹ̀ títí n ó fi tún un sọ. Nítorí náà, bí o bá rí i pé ọ̀rọ̀ mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.

Ó ṣeé ṣe kí o ti ṣàkíyèsí pé n kò pè ọ́ ní Èékánná. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé láti ọgọ́ta ọdún ó lé kan. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo fẹ́ gba orúkọ náà padà lọ́wọ́ rẹ ni. Mo sì fẹ́ tọrọ ohun kan lọ́wọ́ rẹ kí ọjọ́ Àìkú kejìlélógún oṣù yìí tó dé, torí bí n kò bá rí i gbà, n kò ní lè jókòó pẹ̀lú àwọn ará níbi Oúnjẹ Olúwa. Wágọ̀n bàbá mi ló fa gbogbo rẹ̀. Fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. O mọ̀ pé n kì í lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láàárín.

Ó di ọdún kejì báyìí tí a ti fa oko lé Leroy ọmọ wa lọ́wọ́, tí èmi àti Lavina sì kó sínú ilé kékeré. Àgbà tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ á di wàhálà fún ìyàwó rẹ̀. Mo pọ́n gbogbo ọ̀bẹ ilé ìdáná títí ọ̀kan fi gé e lọ́wọ́. Mo fi òróró sí gbogbo ilẹ̀kùn títí kò fi mọ ìgbà tí ènìyàn ń wọlé mọ́. Ọjọ́ tí mo tún àwọn ìkòkò rẹ̀ tò bí wọ́n ṣe ga sí, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Elam, wágọ̀n bàbá rẹ wà nínú àká tábà láti ọdún 1984. Lọ bá a jà. Ìyẹn kò lẹ́nu tó máa fi dá ọ lóhùn."

Bí mo ṣe lọ ṣí àká nìyẹn.

Mo mọ̀ pé o rántí ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́, torí ó ń dùn mọ́ mi. Ìgbà ooru ọdún 1962 ni bàbá mi rà á lọ́wọ́ oníwàásù kan tí kì í ṣe ìjọ tiwa. Ó gùn bí ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan tó yàrá. Pupa ni, pupa bíi tòmátì tó pọ́n jù, òrùlé rẹ̀ funfun, irin dídán sì yí i ká láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ẹni pé òun gan-an ni ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ìyá mi fi épírọ́ọ̀nù bojú nígbà tó rí i. Bàbá mi ní kó fọkàn balẹ̀, pé búrọ́ọ̀ṣì wà. Ó tì í sínú àká, ó ra ọ̀dà dúdú, ó sì pín iṣẹ́. Ivan àti Aaron, àwọn ẹ̀gbọ́n mi, fi sáńpépà ha ara ọkọ̀, àwọn ọmọbìnrin fọ̀ ọ́, bọ́ńpà iwájú jẹ́ ti bàbá mi fúnra rẹ̀, ti ẹ̀yìn sì jẹ́ tèmi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é. Nígbà tó jáde, kò síbi tó ń dán lára rẹ̀ mọ́ àfi gíláàsì, bó ṣe yẹ kí ọkọ̀ ará ìjọ wa rí, torí ìgbéraga ni ìjọ wa ka irin dídán sí.

Ìjókòó kẹta, èyí tó kọjú sẹ́yìn nítòsí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìyẹn ni tèmi àti tìrẹ. Ọkọ̀ bàbá rẹ kò gbà yín tán, ìwọ ló sì máa ń ṣẹ́kù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà náà pé ìyá rẹ bímọ púpọ̀. Gbogbo ará ilé ń wo ibi tí wọ́n ń lọ, àwa méjèèjì ń wo ibi tí a ti ń bọ̀. Mo ṣì rántí bí a ṣe ń ka òpó wáyà, bí a ṣe ń fojú bẹ awakọ̀ tó bá wà lẹ́yìn wa títí á fi juwọ́. Ẹni tí kò bá juwọ́, a ó gbà láàárín ara wa pé inú ló ń run ún.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní àgbàlá ilé ìpàdé, díákónì ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ wa láti so okùn bàtà rẹ̀, ojú ara rẹ̀ ló rí. Ní igun òsì bọ́ńpà ẹ̀yìn, ọ̀dà ti ṣí kúrò níbi tó tó àtẹ́lẹwọ́, irin sì ń kọ mànà níbẹ̀ bíi dígí. Lọ́jọ́rú ó wá sílé wa, ó ní ẹnì kan ń yọ ìgbéraga síta díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi, tó fẹ́ràn irin dídán bí màlúù ṣe fẹ́ràn ìwé kíkà, dìde láàárín ìjọ, ó sì tọrọ àforíjì ohun tí kò ṣe. Lẹ́yìn náà ó pe èmi àti ìwọ sẹ́yìn ọkọ̀. Mo ní kì í ṣe èmi. Ìwọ náà ní kì í ṣe ìwọ. Ó wo ọwọ́ wa, ó ní ọ̀kan nínú ogún èékánná tó wà níwájú òun yìí ló ṣe é, òun kò sì ní wá a kiri. Ó ká ìjókòó ẹ̀yìn dé, ó gbé àpótí lé e lórí. Ó fi mí sáàárín Ada àti Verna, àwọn àbúrò mi tí ẹnu wọn kì í dákẹ́. Ìwọ padà sínú ọkọ̀ bàbá yín, tí o ń fi orúnkún kan àgbọ̀n ara rẹ.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi. Bí kì í bá ṣe èmi, ìwọ ni. Gbogbo ìṣirò tí mo mọ̀ láyé kò ju ìyẹn lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè ọ́ ní Èékánná. O máa ń rẹ́rìn-ín sí i, o rò pé àwàdà ni. Àwọn ẹgbẹ́ wa gbà á lẹ́nu mi. Nígbà tí ẹ kó lọ sí Missouri, mo rò pé yóò kú sójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó bá yín wọ mọ́tò. Mabel gan-an ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ ọmọ rẹ ń pè ọ́ ní Bàbá Èékánná, wọ́n rò pé torí bí o ṣe máa ń fi èékánná pa ẹ̀pà ni. Àwọn yìí ń ṣàwàdà. Èmi kò ṣàwàdà, Titus. Nígbàkígbà tí mo bá pè é, bọ́ńpà yẹn ni mo máa ń rí.

Ó tó. Jẹ́ ká padà sínú àká.

Adìyẹ mẹ́rin ló wà nínú wágọ̀n lọ́jọ́ tí mo ṣí i. Ọ̀kan sàba lórí ìjókòó bàbá mi, kò sì dìde fún mi. Eku ti jẹ tìmùtìmù tán, ilẹ̀ ọkọ̀ sì ti dípẹtà débi pé bí mo ṣe jókòó, mo ń rí bàtà mi àti ilẹ̀ àká lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fẹ́ yí ẹ́ńjìnnì, ó dúró gbagidi, ó ní òun kò lọ síbì kan. Mo ní ó dára, a ó rí ẹni tó lágídí jù láàárín wa. Mo yọ àwọn púlọ́ọ̀gì, mo da kẹrosíìnì àti ọ́ìlì sínú ihò kọ̀ọ̀kan, mo sì ń lọ wò ó ní àràárọ̀ bí ẹni tó ń bẹ aláìsàn wò. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, mo fi sípánà gígùn mú un, mo fà á jẹ́jẹ́, ó dún kẹ́ẹ́, ó sì yí. Mo pe Lavina láti ibi tó ti ń sá aṣọ.

Ó wò ó, ó ní, "Ó yí ni? N kò rí nǹkan kan."

Mo ní kó wo ibi tí mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí.

"Ó kúrò lójú àmì. Kò ju ìbú ìka kan lọ."

Mo ní, "Ìbú ìka kan nínú ogójì ọdún. Ó ń sáré."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú, èmi náà rẹ́rìn-ín, adìyẹ tó ń sàba náà sì wá dìde fúnra rẹ̀, ó jáde pẹ̀lú ìbínú.

Àgbá wàrà àtijọ́ kan tí Leroy ti pa tì ni mo gé fi ṣe ilẹ̀ ọkọ̀. Irin yẹn kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìpẹtà. Lavina fi aṣọ òtútù tó ṣẹ́kù bo àwọn ìjókòó, ó rán an bó ṣe ń rán kúbùsù, ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ kéékèèké bí ẹyin èèrà. Mo pààrọ̀ gbogbo ọ̀pá bíréèkì. Gíláàsì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò sọ̀kalẹ̀ mọ́, nígbà tí mo sì tú ilẹ̀kùn náà, mo rí ìwọ̀ ẹja kan nísàlẹ̀ inú rẹ̀, tí òwú pupa so mọ́ ọn lọ́rùn. Ìwọ nìkan lo máa ń fi òwú pupa so ìwọ̀. Mo dì í mú díẹ̀, mo ní, "Èékánná ọ̀daràn," mo sì sọ ọ́ sínú agolo ìṣó. Rántí ìwọ̀ yẹn, a ó padà sórí rẹ̀.

Lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, irun búrọ́ọ̀ṣì bàbá mi kan ṣì lẹ̀ mọ́ inú ọ̀dà, ó gùn tó ìdajì ìka. Mo ha ọ̀dà yí i ká, mo kùn ún yí i ká. N kò yọ ọ́.

Ọkùnrin kan wá láti Philadelphia, Ọ̀gbẹ́ni Delvecchio, tó gbọ́ ìròyìn ọkọ̀ náà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù oko. Ṣòkòtò péńpé ló wọ̀, ènìyàn dáadáa ni. Ó yí ọkọ̀ po ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó fi èékánná ṣí ọ̀dà tó ti ń bó létí ilẹ̀kùn, ó rí pupa lábẹ́ rẹ̀, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá, ẹ sin ín láàyè. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wú u jáde." Mo ní, "Pupa ni wọ́n bí i, dúdú la ṣe ìrìbọmi fún un." Ó rẹ́rìn-ín, ó jẹ páì Lavina, àkàrà olóyin ìrèké, ègé mẹ́ta, ó kọ nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀ sílẹ̀ bóyá a máa yí ọkàn padà.

Mo kùn ún nínú oṣù Òkúdù, búrọ́ọ̀ṣì ni mo lò, bí bàbá mi ṣe lo búrọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ́n ọ̀dà rẹ́rìn-ín mi, mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Bọ́ńpà ẹ̀yìn ni mo ṣe kẹ́yìn. Ọjọ́ tí mo ń fi sáńpépà ha á, òórùn ọbẹ̀ adìyẹ àti àgbàdo gba ojú fèrèsé wá mú mi, mo lọ jẹ àwo méjì, mo padà wá kùn ún.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e jáde, ì bá wù mí kí o wà níbẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún Lavina, ó kọjá lára mi bí ẹni tí kò rí mi, ó lọ sẹ́yìn, ó gun ìjókòó kẹta, ó kọjú sẹ́yìn, ó sì gbé ọwọ́ lé itan. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ mi ni mo ti ń ròyìn ìjókòó yìí, pé òun fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀. A gba ọ̀nà ilé ìwé lọ, a gba ìsàlẹ̀ odò bọ̀. N kò lè gbọ́ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n mo ń rí i nínú dígí. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà lẹ́yìn wa, Lavina ń juwọ́ sí awakọ̀ rẹ̀. Awakọ̀ náà kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Lavina tún juwọ́. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kúrò lórí sítíárì, ó ń jù wọ́n bí ẹni tó ń lé ẹyẹ. Nígbà tí a délé, fìlà Lavina ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi ẹ̀rín wà lójú rẹ̀, ó ní, "Elam, kí ló dé tí ẹ fi ń jókòó síwájú?" (Ó ní kí n yọ ìyẹn kúrò. Mo ní kó kọ ọ́.)

Mo fẹ́ gbé e lọ sílé ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù tó kọjá. Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú, mo fọ̀ ọ́. Bí mo ṣe fi àkísà kan igun òsì bọ́ńpà ẹ̀yìn, ọ̀dà bó lọ́wọ́ mi bí ewé gbígbẹ. Ó tó àtẹ́lẹwọ́. Ibẹ̀ ń kọ mànà. Mo bẹ̀rẹ̀, ojú ara mi ni mo rí, ó ti di ojú àgbà.

Titus, mo bínú. Mo mọ ẹni tó ṣe é lójú ẹsẹ̀, torí o mọ̀ pé èmi kì í pẹ́ mọ nǹkan. Ará Philadelphia ni. Ṣebí ó ti fi èékánná ṣí ọ̀dà níṣojú mi? Mo ní kí Lavina pè é lórí tẹlifóònù. Ó ní òun kò pe ẹnikẹ́ni láti bú u. Mo ní kó kàn tẹ nọ́ńbà, kó gbé e sí mi létí òsì. Mo sọ tẹnu mi. Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, etí ilẹ̀kùn nìkan ni mo fọwọ́ kàn, níṣojú yín. N kò sì padà wá láti ọjọ́ náà." Ohùn rẹ̀ rọ̀, kò bínú. Mo gbé e kọ́. Mo ní fún Lavina pé ohùn ẹni tó jẹ̀bi ló máa ń rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé mo wa wágọ̀n lọ sọ́dọ̀ Curvin Hoover. O kò mọ̀ ọ́n, ọmọ ọmọ Hoover alágbẹ̀dẹ ni. Òun ló ń kun bọ́ńpà ìdajì ìjọ wa. Kí ọkọ̀ tuntun tó wọ àgbàlá ìpàdé, ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń kọ́kọ́ dúdú.

"Ta ló bá yín ṣe èyí, Bàbá?"

"Ará Philadelphia kan. Èékánná rẹ̀ mú."

Curvin kúnlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò nu ibẹ̀ lọ, ó nù ún bọ̀. "Èékánná rẹ̀ kò débí rárá. Bí ènìyàn bá fi nǹkan ha á, ẹ máa rí ojú ọgbẹ́ lára irin. Ibí jọ̀lọ̀ bí ẹyin. Ọ̀dà yìí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ ni." Ó gbójú sókè. "Bàbá, ṣé ẹ fi sáńpépà kan ibí?"

"Mo ha gbogbo rẹ̀."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ó ku díẹ̀. Ọbẹ̀ ti jiná."

"Díẹ̀ tó báwo?"

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi hàn án. Ó fà á, ó gbé e lé ojú ibi tó ń dán náà. Ó bá a mu rẹ́gí.

Ó ní, "Ọ̀dà kì í di irin dídán mú, Bàbá. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe é lọ́gbẹ́. Ó lè lẹ̀ mọ́ ọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ń tàn yín ni. Igun òsì ló sì sábà máa ń jẹ́ fún ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń parí sí, ibẹ̀ ni apá ti máa ń ro wọ́n, tàbí kí ẹnì kan pè wọ́n."

Tàbí kí ẹnì kan pè wọ́n. Ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Mo rí ara mi nínú àká ní 1962, lórí orúnkún, sáńpépà lọ́wọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ láti igun ọ̀tún, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé igun òsì, ó ku ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́, nígbà tí ẹnì kan súfèé láti etí odò, súfèé oníka méjì tí a ń gbọ́ ní oko mẹ́ta. Ìwọ ni. Mo fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nu ibẹ̀, mo sọ fún bàbá mi pé mo ti ṣe tán, mo sì sá lọ. Ẹja méje la pa. Ọjọ́ yẹn náà lo sọ ìwọ̀ olówùú pupa nù, tí o ń sunkún rẹ̀ títí a fi délé, nígbà tó jẹ́ pé o ti gbé ọ̀pá ìpẹja wa gba ẹ̀yìn wágọ̀n kọjá kí o tó lọ súfèé létí odò, ibẹ̀ ni ìwọ̀ náà ti já sínú ilẹ̀kùn.

Titus, kò sí ẹni tó ha ọ̀dà kúrò lára bọ́ńpà náà. Kò sí èékánná kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀lẹ ọmọ kan ló wà níbẹ̀, èmi ni.

Mo jókòó lórí garawa ọ̀dà kan. Curvin ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yìn ń dùn yín ni?" Mo ní, "Rárá. Ọgọ́ta ọdún ló jókòó lé mi." Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi lọ fún ogún mẹ́ta, Curvin Hoover sì fi àtàǹpàkò kan bá a.

Mo délé, mo ní kí Lavina tún nọ́ńbà Philadelphia tẹ̀. Ìyẹn kò le. Ọ̀gbẹ́ni Delvecchio ní òun ti gbàgbé, pé bí páì bá ṣì wà, òun máa tún gbàgbé sí i. Ìwọ ni ọ̀rọ̀ rẹ le.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ìpàdé ìmúrasílẹ̀. O mọ bí a ṣe ń ṣe é, tiyín níbẹ̀ kò yàtọ̀. Wọ́n ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìjókòó, olúkúlùkù ń sọ pé òun wà ní àlàáfíà pẹ̀lú Ọlọ́run àti ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ti ń sọ ọ́ láti ọmọ ọdún méjìdínlógún, n kò sì rò ó rí pé Missouri wà lára ènìyàn. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tó kàn mí, mo ní, "N kò tíì wà ní àlàáfíà." Gbogbo ìjókòó yípadà. Lẹ́yìn ìsìn, Díákónì Burkholder fà mí sábẹ́ igi.

"Bàbá Elam, ta lẹ bá jà?"

"Titus Nolt."

"Èyí tó wà ní Missouri? Kí ló ṣe yín?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ ẹ́?"

"Mo bínú sí i."

"Ó mọ̀ pé ẹ ń bínú?"

"Kò mọ̀."

Ó họ etí. "Láti ìgbà wo?"

"1962."

"Wọn kò tíì bí mi." Ó ká ètè wọnú, mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń lé sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ kọ̀wé sí i, Bàbá. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ẹ sì jọ̀wọ́ tún bọ́ńpà yẹn ṣe."

Nítorí náà, mo kọ̀wé sí ọ. Mo purọ́ mọ́ ọ nínú ọkàn mi fún ọgọ́ta ọdún. Mo gba ìjókòó ẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ, mo jẹ́ kí bàbá mi dìde láàárín ìjọ torí ọ̀lẹ mi, mo sì fún ọ ní orúkọ tó lẹ̀ mọ́ ọ ju ọ̀dà tí mo kùn lọ. O jẹ́ orúkọ náà láìbínú, o sọ òtítọ́ ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, n kò gbà ọ́ gbọ́. Dárí jì mí. Lavina ti gbé kálámù sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé ọ̀rọ̀ náà kò dára.

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré, kó tó di ọjọ́ kejìlélógún. O lè pe tẹlifóònù wa, Lavina á gbọ́ ọ fún mi. Èyí tó wù mí jù ni pé kí ìwọ àti Mabel wá fúnra yín, kí Leroy wá gbé yín níbi tí ọkọ̀ ojú irin bá já yín sí. Rárá, èmi ni n ó wá, wágọ̀n ni n ó gbé wá. Mo ti ha igun òsì yẹn báyìí, mo ha á débi pé Curvin fọwọ́ kàn án tó ní ó tó, mo tún ha á sí i. Ṣùgbọ́n n kò kùn ún. Díákónì gbà kí ọkọ̀ náà má wọ àgbàlá ìpàdé títí di ìgbà náà. Ọ̀dà wà nínú agolo, búrọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́ kó kùn ún. Lẹ́yìn ìyẹn, Lavina àti Mabel á jókòó síwájú, ẹni tí Leroy bá yàn á wa ọkọ̀, èmi àti ìwọ á sì jókòó sẹ́yìn, ká wo ibi tí a ti ń bọ̀. Ìwọ̀ rẹ wà níbẹ̀, mo ti so ó mọ́ ìjókòó. Òwú pupa náà kò tíì já.

Ẹyọ ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kó ṣe kedere, torí o mọ̀ pé èmi kì í jẹ̀bi tán. Mo gbà pé èmi ló fi sáńpépà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló súfèé?

Bá mi kí Mabel, kí o sì ní kó má dá ẹsẹ̀ rẹ̀ lágara lórí ọgbà. Kí gbogbo àwọn ọmọ, kí àwọn màlúù. Lavina ń kí yín, ó ní òun á dín páì méjì kù fún ará Philadelphia torí tiyín. Ivan ẹ̀gbọ́n mi náà ní kí n kí ọ. Mo sọ ìtàn yìí fún un, kò sì tíì dá ẹ̀rín dúró.

Sọ fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ pé Bàbá Titus ni kí wọ́n máa pè ọ́. Orúkọ kejì yẹn ti rí ẹni tó ni ín.

Èmi ni tìrẹ, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń dúró de súfèé rẹ,

Elam Èékánná Sensenig.